Fáìlì Ààrò Tí Mo Kà fún Bọ́láńlé

Ajé, 2 Òkúdu 2025

“Ohun tí kò bá sí lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kò sí láyé.” Ọ̀rọ̀ Ẹnjiníà Déolú nìyí, ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì tí ọmọ mi Bọ́láńlé ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà. Níbi ìpàdé àárọ̀ yìí ló ti sọ ọ́. Ó dìde dúró kó tó sọ ọ́, ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi náà ti kọ ọ́ síhìn-ín, kí ìran tó ń bọ̀ má bàa pàdánù rẹ̀.

Mo bi Bọ́láńlé bóyá Ọlọ́run wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó ní rárá, jẹnẹrétọ̀ ló wà níbẹ̀.

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí ife tíì rẹ̀, ọwọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, tíì dà sórí tábìlì. Ẹ̀rín tán.

Ọdún mẹ́fà ló fi to àwọn dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn, àwọn ojú amóhùnmáwòrán ńláńlá tí wọ́n so mọ́ ògiri: bí ààrò ṣe gbóná tó, bí gáàsì ṣe ń wọlé, iye dísù tó kù nínú táńkì. Àwọ̀ ewé, kò séwu. Àwọ̀ pupa, ẹ sáré. Ojú òsì rẹ̀ ti lọ láti ìgbà ọdún Àjíǹde. Ti ọ̀tún ń ríran bí ẹni tó ń yọjú láti inú páìpù. Dókítà ní glaukómà ni, pé ìfúnpá inú ojú ló ga jù. Gbogbo ìfúnpá tó wà ní ilé-iṣẹ́ yẹn, ọmọ mi ló ń ṣọ́ wọn. Ti inú ojú ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a ṣọ́ ọ.

Kò tíì sọ fún wọn níbi iṣẹ́. “Tí wọ́n bá mọ̀, Dádì, wọ́n á ní kí n lọ sinmi.” Àwa méjèèjì mọ irú ìsinmi bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 4 Òkúdu

Òjò láti ìdájí. Bọ́láńlé wà nílé wa ní Ìfàkọ̀. Láti ìgbà tí owó ọkọ̀ ti fẹ́ẹ́ tó owó oṣù, ilé-iṣẹ́ ní kí àwọn ará ọ́fíìsì máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí wọ́n máa ti ilé ṣe ìyókù. Àánú kọ́ ni, dísù ọ́fíìsì ni wọ́n ń ṣọ́.

Ó fi ọgbọ́n kan hàn mí. Irinṣẹ́ kan wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí kò ní àwòrán, tí kò sí ohun tí èèyàn ń fi máòsì tẹ̀ níbẹ̀. Ojú dúdú, lẹ́tà funfun. Èèyàn á tẹ àṣẹ kan: fà. Irinṣẹ́ náà á fa dáṣíbọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan wálẹ̀, á sọ ọ́ di fáìlì, ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà lásán. Ohun tí èèyàn bá fẹ́ tún ṣe, inú fáìlì ni á ti tún un ṣe, á wá tẹ àṣẹ kejì: tì. Fáìlì á gòkè padà, ohun tó wà lára ògiri á sì yí. Ní gbogbo ìgbà tó bá fi fáìlì pamọ́, kọ̀ǹpútà á rántí ohun tó yí padà, ọjọ́ tó yí, àti orúkọ ẹni tó fi í pamọ́.

“Ẹnjiníà ti ń pariwo irú ẹ̀ láti ọdún tó kọjá,” ó ní. “Ó ní ọ̀làjú ni. Èmi ní ìdí tèmi.”

“Kí ni ìdí tìẹ?”

“Àwòrán ò ṣeé kà séèyàn létí, Dádì. Fáìlì ṣeé kà.”

Ẹ̀rọ tó ń kàwé síta wà, ó ti dán an wò. Ohùn obìnrin òyìnbó kan ni, ó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, ó sì ń pe “ààrò” bí ẹni tí eyín ń dùn. Báyìí ni mo ṣe ríṣẹ́ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Kò sí owó oṣù níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò bi mí ní ìwé-ẹ̀rí.

Ojú dúdú, lẹ́tà funfun. Gbogbo ọgbọ́n ayé lọ títí, ó padà sí pátákó ìkọ̀wé.

Ẹtì, 6 Òkúdu

Iléyá. Alhaja ìsàlẹ̀ gbé ẹran wá. Kó tó kan ilẹ̀kùn ni Bọ́láńlé ti mọ̀ pé òun ni, ìró bàtà rẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n. Ó ti ń kọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 10 Òkúdu

Mo ti ka ìwé òfin, mo ti ka Ìwé Mímọ́, mo ti ka lẹ́tà àwọn òbí tí inú ń bí. N kò rí ìwé tó le tó fáìlì dáṣíbọ́ọ̀dù rí. Àkámọ́ bí àkámọ́, ọmọ àkámọ́ tún bí tirẹ̀, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ padé níbi tó yẹ. Kọ́mà kan ṣoṣo sọnù, fáìlì náà á kọ̀ jálẹ̀, bí àna tí a kò kí dáadáa.

“Ẹ tún un kà, Dádì.”

“Orúkọ: Iná Ààrò Kejì, kọ́mà. Ààlà pupa: igba ó lé ọgọ́ta.”

“Kọ́mà ńkọ́?”

“Kọ́mà wo?”

“Ti ẹ̀yìn ọgọ́ta. Ẹ ò pè é.”

“Mo rò pé o mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.”

“Mo mọ̀. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.”

Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń dá àwọn ọmọ kíláàsì kẹta lágara nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà gan-an. Mo pe kọ́mà.

Gbogbo orúkọ tó wà lára ògiri, Yorùbá ni Bọ́láńlé fi kọ ọ́ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ààrò. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. “Dísù Tó Kù.” “Gáàsì Tó Ń Wọlé.” Ó fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀. Mo wá àṣìṣe títí, n kò rí. Mo dìde lọ fun imú mi nínú bàlùwẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 17 Òkúdu

Àbúrò mi obìnrin, Adébísọ́lá, ti Agége wá, ó gbé omi àdúrà sínú ike. Aládùúrà ni, ó sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ó ní kí Bọ́láńlé máa fi bọ́jú láàárọ̀ àti lálẹ́, kó sì pa oògùn òyìnbó tì. Oògùn yẹn tún ti wọ́n sí i, ìgò rẹ̀ ò ju àtàǹpàkò mi lọ.

Bọ́láńlé bọ́jú níwájú rẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, Àǹtí.” Bí Adébísọ́lá ṣe jáde tán, ó gbójú sókè, ó kán oògùn rẹ̀ sí i.

“Èwo lo wá gbà gbọ́ nínú méjèèjì?”

“Èyí tó bá ṣiṣẹ́, Dádì. Mi ò ní bi í ní ìjọ tó ń lọ.”

Ọjọ́bọ̀, 26 Òkúdu

Ọjọ́ ayọ̀ kékeré. Bọ́láńlé fẹ́ gbé iye dísù kúrò ní ìsàlẹ̀ ògiri lọ sókè. Mo kà, ó tẹ̀, mo tún un kà, ó tì í. Ó wá pe Abdulqoyum tó ń ṣọ́ ààrò kejì lórí fóònù, ó ṣí i sílẹ̀ kí n lè gbọ́.

“Abdulqoyum, wo ògiri. Dísù wà níbo?”

“Ó ti wà lókè o! Àǹtí, ta ló gun ògiri?”

“Èmi ni.”

“Láti Ìfàkọ̀?”

“Láti Ìfàkọ̀, lórí àga tí mo jókòó sí.”

“Àǹtí, ẹ dákun, ẹ bá mi ti owó oṣù mi sókè bẹ́ẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín débi pé òógùn bo imú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn, ẹ̀rín ìyá rẹ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀, 10 Agẹmọ

Ó parí. Gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù ilé-iṣẹ́ yẹn ti di fáìlì. Mo ti ka gbogbo wọn, n kò sì tíì fojú kan ọ̀kankan lára ògiri rí.

Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ ti òkè òkun wá lónìí. Bọ́láńlé ní Ẹnjiníà wọ súùtù onípele mẹ́ta nínú ooru ààrò, ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Kí àwọn àlejò tó dé, ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó ní òun ò fẹ́ rí pupa kankan lára ògiri lónìí. Ààrò kejì ti gbó, ó máa ń ga ju ààlà lọ, pupa rẹ̀ kì í pẹ́ yọ. Bí Bọ́láńlé ṣe sọ ọ́ fún mi, mo rò pé ààrò ni ọkùnrin náà ń bá wí.

Ajé, 14 Agẹmọ

Kí Bọ́láńlé tó ti ohunkóhun sókè, ó máa ń kọ́kọ́ fi ohun tó wà lára ògiri wé ohun tó wà nínú fáìlì. Lónìí, wọn ò dọ́gba.

“Ẹ kà á.”

“Èyí tó ní àmì ìyọkúrò níwájú: ààlà pupa, igba ó lé ọgọ́ta, kọ́mà. Èyí tó ní àmì àfikún: ààlà pupa, ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogún, kọ́mà.”

“Ààrò wo?”

“Ààrò kejì.”

Ìyẹn ni pé bí ààrò bá tilẹ̀ gbóná kọjá igba ó lé ọgọ́ta, ògiri á ṣì wà ní àwọ̀ ewé. Ẹnìkan ti lọ fọwọ́ yí i lójú dáṣíbọ́ọ̀dù gan-an, kò gba ọ̀dọ̀ fáìlì kọjá. Orúkọ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni “ádímìn”, orúkọ tí gbogbo àwọn ọ̀gá jọ ń fi wọlé. Ó pe Ẹnjiníà, ó ṣí fóònù sílẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Ààlà ààrò kejì ti di ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogún. Ṣé kí n dá a padà, sà?”

“Bọ́láńlé, ìpinnu mánéjímẹ́ǹtì nìyẹn. Ìlànà tuntun. Máa wo ìran ńlá, má máa wo nǹkan kéékèèké.”

“Ṣùgbọ́n ààrò yẹn ti gbó, sà, tó bá ti kọjá—”

“Ṣé ìwọ lo kọ́ ààrò ni?”

“Rárá, sà. Ẹ má bínú, sà.”

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Tó bá ti fáìlì tirẹ̀ sókè, yóò pa iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá rẹ́. Tó bá fa ti ògiri wálẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀gá á di ohun tó wà nínú fáìlì. Ó kọjú sí mi, ìyẹn ni pé ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo wà.

“Kí ni kí n ṣe, Dádì?”

Mo ní, “Ọ̀gá ti sọ̀rọ̀. Fà á wálẹ̀. Má fi ojú tó kù yìí wá ìjà.”

Ó fà á wálẹ̀, ó fi í pamọ́. Orúkọ rẹ̀ wọlé síbẹ̀, bó ṣe máa ń wọlé.

Ìṣẹ́gun, 22 Agẹmọ

Iná ṣẹ́ yọ ní ààrò kejì. Abdulqoyum wà nílé ìwòsàn.

Ọjọ́rú, 23 Agẹmọ

Páìpù tó ń gbé èéfín jáde ló gbóná títí tó fi là. Ògiri wà ní àwọ̀ ewé títí iná fi yọ. Abdulqoyum ní òórùn kan ń ṣe òun bákan, ó gbójú sókè wo ògiri, ó rí àwọ̀ ewé, ó ṣílẹ̀kùn ààrò láti yẹ bisikíìtì wò. Iná gbà á lápá ọ̀tún, láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgúnpá. Àwọn dókítà ní àwọn ò ní gé e.

Bọ́láńlé kò jẹun. Àná jẹ́ ọ̀kan lára ọjọ́ tó ń lọ síbi iṣẹ́, ó wà nínú ilé-iṣẹ́ kan náà, ó gba abẹ́ ògiri yẹn kọjá lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní èmi ni mo ní kó fà á wálẹ̀.

“Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́, Dádì.”

Òjò ń rọ̀, kò sí iná mànàmáná.

Àbámẹ́ta, 26 Agẹmọ

Wọ́n ti dá Abdulqoyum padà sílé. A wọ kẹ̀kẹ́ lọ kí i ní Agége. Mo ra búrẹ́dì lọ́wọ́. Kí a gbé búrẹ́dì lọ sí Agége, irú ọgbọ́n tíṣà nìyẹn. Uswat, ìyàwó rẹ̀, gbà á, ó rọra tò ó sórí méjì míì tó ti wà nílẹ̀.

Báńdéèjì wé ọwọ́ rẹ̀ bí ọmọ ìkókó. Bọ́láńlé kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì.

“Àǹtí, ẹ dìde o. Ẹ̀yin lẹ jù mí lọ, ẹ fẹ́ kí n kú lọ́jọ́ àìpé ni?”

“Abdulqoyum, dárí jì mí.”

“Ẹ gbọ́ o. Ojú tiyín ò dáa, ọwọ́ tèmi ò dáa. Tí mánéjímẹ́ǹtì bá so wá pọ̀, wọ́n á rí òṣìṣẹ́ kan yọ, wọ́n á sì san owó oṣù ẹnì kan. Ẹnjiníà á gba àmì-ẹ̀yẹ.”

Bọ́láńlé gbórí sókè. “Ta ló sọ fún ẹ pé ojú mi ò dáa?”

“Gbogbo ìdí ààrò ló mọ̀. Ọjọ́ tí ẹ kí òpó pé ‘ẹ káàárọ̀, sà’ la ti mọ̀. Láti ọjọ́ náà la ti máa ń gbé kẹ̀kẹ́ ẹrù kúrò lọ́nà tí wọ́n bá ti ní ẹ ti wọ géètì.”

“Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?”

“Kí la fẹ́ sọ? Òpó ò fẹjọ́ sùn.”

Uswat ní, “Ẹ má pa á lẹ́rìn-ín jù, awọ rẹ̀ ń fà.” Òun fúnra rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìborùn nu ojú.

Nínú kẹ̀kẹ́, Bọ́láńlé ní, “Wọ́n ń gbé ẹrù kúrò lọ́nà fún mi, Dádì. Mo rò pé mo ti mọ ọ̀nà náà ni.”

Ajé, 28 Agẹmọ

Ìgbìmọ̀ ìwádìí. Mo sìn ín dé ibẹ̀, mo jókòó ti àwọn mẹ́gáàdì ní géètì, wọ́n fún mi ní àga tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta àti bíríkì. Ọ̀nà ilé ló ti ròyìn fún mi.

Ẹnjiníà gbé ìtàn fáìlì náà sára ògiri kí gbogbo wọn lè rí i. Ó ní ẹwà ètò tuntun tí òun dá sílẹ̀ nìyí, pé kò sí ẹni tó lè fara pamọ́ mọ́. Lóòótọ́, orúkọ Bọ́láńlé ló wà níbẹ̀ láti òkè délẹ̀. Òun nìkan ló ń gba ọ̀nà fáìlì. Àwọn tó ń fọwọ́ yí i lára ògiri kò ní orúkọ.

Bọ́láńlé sọ fún wọn nípa ìpè orí fóònù. Ẹnjiníà ní òun ò rántí, pé ìpè tí òun ń gbà lóòjọ́ pọ̀.

Ẹnìkan wá bi Bọ́láńlé pé láti ọjọ́ kẹrìnlá, ṣé kò fojú ara rẹ̀ wo ààrò kejì lára ògiri rí ni? Òun tó ṣe é, kó má mọ̀ pé kò yẹ kó jẹ́ àwọ̀ ewé ní irú ooru yẹn?

“Mo sọ fún wọn,” ó ní. “Mo ní ojú kan ti lọ, èkejì ti fẹ́ẹ́ lọ.”

“Kí ni wọ́n sọ?”

“Wọ́n ní pẹ̀lẹ́. Gbogbo wọn, Dádì. Ohùn wọn dùn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó ti tán.”

“Ṣé kí n lọ bá wọn? Kí n sọ pé mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí Ẹnjiníà sọ lórí fóònù?”

“Ẹ̀yin bàbá mi? Wọ́n á bu omi tútù fún yín, wọ́n á pè yín ní Dádì.”

Ẹtì, 8 Ògún

Wọ́n ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní àlàáfíà. Ẹnjiníà sọ̀rọ̀ níbi ìdágbére, ó pè é ní òpómúléró. Wọ́n fún un ní páálí bisikíìtì mẹ́ta. Ààrò kejì ni bisikíìtì yẹn ti jáde, Bọ́láńlé fi òórùn mọ̀ ọ́n.

Ọmọbìnrin tó gba ipò rẹ̀, Hameedah, wá sílé wa kó wá gba iṣẹ́. Ọmọ tó níwà ni. Ó ní òun ò wá ipò ẹnikẹ́ni. Bọ́láńlé ní, “Mo mọ̀. Jókòó.” Gbogbo ohun tó fi ọdún mẹ́fà tò, ọ̀sán kan ló fi gbé e lé e lọ́wọ́. Kò sí ohun tó kù sínú orí rẹ̀ nìkan mọ́ tí kò sí nínú fáìlì. Iṣẹ́ tó ṣe kí wọ́n má bàa lé e lọ ló jẹ́ kó rọrùn láti lé e.

Hameedah ka fáìlì kan sókè láti fi yẹ ara rẹ̀ wò. Ó sáré kà á.

“Kọ́mà,” ni Bọ́láńlé wí. Ojú Hameedah kún fún omi. N kò mọ̀ bóyá Bọ́láńlé mọ̀.

Ìṣẹ́gun, 12 Ògún

Hameedah pè. Ó ti dá ààlà ààrò kejì padà sí igba ó lé ọgọ́ta, kò bi ẹnikẹ́ni. Mo ní kó ṣọ́ra. Ó ní, “Bàbá, ẹ gbàdúrà fún mi.” Mo gbà á. Lójú tèmi, ìmọ̀ràn tí mo fún ọmọ tèmi ni ọmọ yìí kọ̀.

Àbámẹ́ta, 16 Ògún

Dókítà. Ó tan iná sínú ojú ọ̀tún, ó pẹ́ níbẹ̀, ó pa iná. Ó kọ oògùn kan náà fún wa.

Ọjọ́rú, 20 Ògún

Ọ̀gbẹlẹ̀ oṣù Ògún ti dé, atẹ́gùn tútù. Wọ́n ti ti ọ̀nà tí Bọ́láńlé ń gbà wọ inú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ pa, ṣùgbọ́n àwọn fáìlì ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, irú èyí tó fi kọ́ mi ní ìwé kíkà. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ó ní kí n ka ọ̀kan fún òun. Mo ní èwo? Ó ní ààrò kejì.

Mo kà á láti òkè délẹ̀. Mo ka orúkọ, mo ka àwọ̀, mo ka ibi tó wà lára ògiri, mo ka ààlà pupa, mo pe gbogbo kọ́mà, mo pa gbogbo àkámọ́ dé. Ó ń mi orí. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Gbogbo nǹkan wà nínú fáìlì yẹn àfi bí ààrò ṣe gbóná tó gan-an. Ìyẹn kì í gbé inú fáìlì, láti ilé-iṣẹ́ ló ń wá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Òun ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Ó kọjú sí fèrèsé, níhà Ìkẹjà.

“Dádì,” ó ní, “eélòó ló wà báyìí?”